Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ fi yẹ ilé ọtí wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ èrò yín nípa àwọn ilé ọtí àdúgbò n'Íbàdàn, ìbáà ṣe Bódìjà tàbí Mọ́kọ́lá, ẹ má fi alẹ́ ọjọ́ Ẹtì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, orin àti èrò á bo gbogbo àléébù mọ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ tọ́jà ò yá lẹ máa mọ̀ bóyá fíríìjì wọn ń ṣiṣẹ́: ẹ fọwọ́ kan ìgò bía kí wọ́n tó ṣí i. Bí ìdí rẹ̀ bá tutù tí ọrùn rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a jẹ́ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n tì í bọnú yìnyín. Àsun àná tí wọ́n tún gbé kaná á máa le bí awọ bàtà. Ẹ dé ilé ìtọ̀ wọn pẹ̀lú (kò wu èèyàn, mo mọ̀), ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó òfìfo ìgò kúrò lórí tábìlì kí ẹ tó sanwó. Ibi tó jẹ́ pé eléré jùjú tàbí fújì ló ń fa èrò síbẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n yìí ò tó fún. Ẹ ní láti padà lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.