Òórùn Tí Ó Mú Mi Wọ Ilé Oúnjẹ Àdúgbò Kan ní Seoul

Òórùn ni ó kọ́kọ́ pè mí. Ní àdúgbò Jegi-dong ní ìlú Seoul, níbi tí mo gba yàrá sí nítorí pé ó súnmọ́ yunifásítì tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà tóóró kan wà tí mo máa ń gbà bí mo bá ń lọ sí yàrá ìwádìí wa, ilé oúnjẹ kékeré kan sì wà ní ìdajì ọ̀nà náà. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, aáyù àti òróró yànmọ̀tí ni ó máa ń ta sánsán níbẹ̀, èyí kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn ilé oúnjẹ yòókù. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òórùn mìíràn máa ń jáde tí ó máa ń mú mi dúró gbọnin lójú ọ̀nà, nítorí pé ṣe ni ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi irú sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nínú ilé náà. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi kọjá níbẹ̀ láìwọlé. Ilé oúnjẹ tí wọ́n bá lẹ àwòrán oúnjẹ mọ́ ojú gíláàsì rẹ̀ nìkan ni mo máa ń wọ̀, kí n lè nàka sí ohun tí mo fẹ́, kí n jẹ ẹ́, kí n sì máa lọ. Èyí kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀: gajeongsik baekban.

Mo kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Baekban, bí a bá tú u, ìrẹsì funfun ni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Kòríà ń pè bẹ́ẹ̀ ni odindi oúnjẹ kan tí ó ní ìrẹsì, ọbẹ̀, àti àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n ń pè ní banchan, èyí tí ó lè jẹ́ ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin tàbí ohunkóhun tí olóúnjẹ bá rí rà lọ́jà. Gajeongsik ni bí wọ́n ṣe ń sè é nílé. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, kì í yan nǹkan kan. Ohun tí ìyá onílé bá sè lọ́jọ́ náà ni yóò jẹ. Fún èmi tí mo mọ búkà, níbi tí oníbàárà ti ń nàka sí ìkòkò kan lẹ́yìn òmíràn, tí ó ń sọ iye ìrẹsì, iye ẹran àti iye dòdò tí òun fẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní kàyéfì díẹ̀.

Ìgbìyànjú mi àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, aago méjìlá ọ̀sán sì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá kan tí ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí fi ìka béèrè iye tí a jẹ́, mo na ìka kan sókè, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n dúró lẹ́yìn mi, ó sì juwọ́ sí mi pé kí n padà wá. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àwọ̀ ara mi ni mo kọ́kọ́ rò pé ó fà á. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yàrá ìwádìí, ọmọ ìlú Seoul gan-an, ni ó là mí lóye. Ó ní àárín aago méjìlá sí aago kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ya lọ jẹun, pé tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin ni ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní, àti pé ẹni tí ó bá dá wá ní wákàtí náà, ì báà jẹ́ ọmọ Kòríà pọ́nńbélé, kò lè retí pé wọn yóò fi odindi tábìlì kan sílẹ̀ fún òun. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń tìlẹ̀kùn sinmi láti aago mẹ́ta títí di aago márùn-ún, àti pé àwọn ọbẹ̀ kan wà tí wọn kì í sè fún ènìyàn tí kò bá tó méjì. Aago kan àbọ̀ sí aago méjì ni ó ní kí n lọ.

Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Òórùn ọjọ́sí ti gba gbogbo ọ̀nà kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá náà kí mi ní "Eoseo oseyo", ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀, ó sì tọ́ka sí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oúnjẹ mẹ́rin péré ni wọ́n kọ sára ògiri, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Mo lè kà á. Hangul, ìyẹn lẹ́tà ìkọ̀wé Kòríà tí Ọba Sejong gbé jáde ní ọdún 1446, kò ju lẹ́tà 24 lọ lónìí, ẹni tí ó bá sì fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó tì í yóò máa kà á, bí kò tilẹ̀ gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà. Mo rọ ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìlú yìí kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Papago, áàpù ìtumọ̀ tí mo gbójú lé, kò rí ìkọ̀wé ìyá náà túmọ̀ dáadáa.

Èmi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ ní láti tètè sọ, torí pé ó wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn, pàápàá jù lọ nínú kimchi jjigae, ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi kimchi tí ó ti kan sè. Gbólóhùn tí mo há sórí ni "Dwaejigogi an meogeoyo", èmi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá náà dáhùn pé kò burú, ó tọ́ka sí ẹja tí ó wà lórí iná. Bí n ó ṣe pè é gan-an ni ó kù tí mi ò mọ̀. Àwọn tí ó jókòó sí tábìlì kejì ń pè é ní "imo", orúkọ tí ọmọ Kòríà fi ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá a tan. Nígbà tí mo rántí iye olóúnjẹ tí mo ti pè ní ìyá àti àǹtí nílé láìmọ ilé bàbá wọn, ẹnu mi gbà á.

Mo wá jókòó, mo ń retí kí wọ́n gbé ṣíbí wá. Mo retí títí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: abẹ́ tábìlì gan-an ni dúrọ́ọ̀ kan wà tí ṣíbí, ọ̀pá ìjẹun àti ìwé ìnuwọ́ wà nínú rẹ̀, ara ògiri tí mo kọjú sí ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé kí oníkálukú bu omi mu fúnra rẹ̀. Ìyá náà fa dúrọ́ọ̀ náà síta fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín, oore ńlá ni ó ṣe mí.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo oúnjẹ dé, wọn kò gbé e wá ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ìrẹsì wà nínú abọ́ irin dídán tí ó ní ìdérí, irú èyí tí ó wà ní ilé oúnjẹ gbogbo ní orílẹ̀-èdè náà. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìrẹsì wọn kò tó, ìjọba ni ó fi ìwọ̀n sí abọ́ tí àwọn ilé oúnjẹ yóò máa fi bu ìrẹsì, kí wọ́n má baà máa bù ú rẹpẹtẹ mọ́; ìrẹsì ti pọ̀ lónìí, abọ́ kékeré náà kò sì kúrò nílẹ̀. Yí i ká ni àwo kéékèèké méje wà. Kimchi wà níbẹ̀ dájúdájú, kábéèjì tí wọ́n fi iyọ̀, ata gbígbẹ, aáyù àti edé oníyọ̀ pa mọ́ títí tí ó fi kan. Ẹ̀wà sóyà tí ó ti hù wà níbẹ̀, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì ta òróró yànmọ̀tí sí, ẹja wẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣúgà yan, ẹyin díndín tí wọ́n ká bí ẹní, àti dotorimuk tí wọ́n fi ìyẹ̀fun èso igi óòkù ṣe, tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù, tí ó sì ń gbọ̀n bí mo bá fara kan tábìlì. Kò ní adùn kan títí tí mo fi tọ́ omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ tí wọ́n dà lé e lórí wò. Ìkeje ni ìdajì ẹja sísun, ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja wa ń pè ní Titus, òun nìkan ni mo sì mọ̀ láti ilé.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá náà gbé ìṣaasùn amọ̀ dúdú kan wá tí ó ṣì ń hó kùtùkùtù, òórùn tí ó ti ń pè mí láti oṣù mẹ́wàá sì dìde láti inú rẹ̀ kàn mí lójú. Cheonggukjang ni orúkọ rẹ̀. Mo bu ṣíbí kan, mo sì dákẹ́. Irú ni. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irúgbá, ṣùgbọ́n irú ni. Nígbà tí mo délé tí mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé ahọ́n mi kò tàn mí. Àwọn ìyá wa ń se irúgbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń tún un sè, wọ́n sì ń fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́ inú ooru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Àwọn ìyá Kòríà ń rẹ ẹ̀wà sóyà, wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń fi pòròpórò ìrẹsì sí i nínú ooru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kòkòrò kan náà tí ojú lásán kò lè rí, Bacillus subtilis, ni olórí òṣìṣẹ́ nínú méjèèjì, òun ni ó sì ń mú kí ẹ̀wà náà máa yọ̀, kí ó máa fà bí ilá. Odidi ẹ̀wà ṣì wà nínú ọbẹ̀ náà bí ó ṣe máa ń wà nínú irú wooro, wọ́n sì fi wàrà sóyà dídì, àlùbọ́sà eléwé àti kimchi díẹ̀ sè é. Bí ẹ bá bi mí, mo ṣì fẹ́ràn irú nínú epo pupa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo jẹ ní Seoul títí di ọjọ́ náà tí ó mọ ọ̀nà ọ̀fun mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá òun kì í se cheonggukjang nílé wọn mọ́ nítorí pé ilé alájà ni wọ́n ń gbé, àwọn aládùúgbò sì ń ráhùn. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo rántí bí mo ṣe fi ọ̀rá mẹ́rin di irú sínú àpótí aṣọ mi nígbà tí mo ń bọ̀. Doenjang, tí wọ́n tún fi ẹ̀wà sóyà ṣe ṣùgbọ́n tí wọ́n ń rẹ sínú omi iyọ̀, tí ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó ṣe é jẹ, kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ṣíṣe òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ kimjang, ìyẹn ṣíṣe kimchi ní àpapọ̀, sínú rẹ̀ ní ọdún 2013.

Nínú jíjẹ ẹ́, àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe. Mo gbé abọ́ ìrẹsì sókè, ó sì jó mi lọ́wọ́; ní Kòríà, orí tábìlì ni abọ́ ń wà, ṣíbí ni a fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, àwo kéékèèké ni ọ̀pá ìjẹun wà fún. Èkejì, mo gún ṣíbí mọ́ àárín ìrẹsì kí n lè nu imú, bàbá àgbàlagbà kan sì fi ìka ṣe sí mi pé kí n yọ ọ́: oúnjẹ tí wọ́n ń gbé ka iwájú àwọn baba ńlá wọn tí ó ti kú ni wọ́n ń gún ṣíbí sí bẹ́ẹ̀. Àlàyé yẹn kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà, mo sì tẹrí ba fún un.

Ẹ̀kẹta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọmọ tí ó bá jẹun nílé onílé kò gbọdọ̀ ṣẹ́ oúnjẹ kù, nítorí náà mo jẹ àwo kimchi tán láti fi hàn pé ó dùn. Imo bu òmíràn wá. Mo jẹ ẹ̀wà híhù tán, ó tún bù ú wá, ó ní "Mani deuseyo", kí n jẹ dáadáa. A wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí títí ikùn mi fi le bí ìlù kí n tó mọ̀ pé àwo tí ó bá ṣófo ń tọrọ ni lójú rẹ̀, owó kankan kò sì lé e. Ohun tí ó yẹ ni kí ènìyàn jẹ èyí tí ó fẹ́, kí ó má sì béèrè òmíràn bí kò bá ní lè jẹ ẹ́ tán, nítorí pé òfin kò gbà wọ́n láyè láti gbé àṣẹ́kù fún ẹlòmíràn. Ṣe ni wọn yóò dà á nù.

Ìdí káńtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti sanwó, 9,000 won, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì nawọ́ owó sí i. Mo fi 1,000 won sílẹ̀ lórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ọpẹ́, mo sọ pé "Jal meogeosseumnida", mo ti jẹun dáadáa, mo sì jáde. N kò tíì rin ìṣísẹ̀ ogún tí ó fi sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú 1,000 náà lọ́wọ́, ó rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni. Wọn kì í gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Níbi tí a dúró sí, mo fi àwòrán irú hàn án nínú fóònù mi, mo sì ṣàlàyé pẹ̀lú ìwọ̀nba Kòríà tí mo gbọ́ pé a ní i nílé. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ imú bí ẹni tí ó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fà mí padà wọlé lọ síbi kàlẹ́ńdà tí ó wà lẹ́yìn káńtà. Ó fi ìka rẹ̀ tọ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Cheonggukjang, cheonggukjang, cheonggukjang, cheonggukjang."