Àwọn àṣìṣe tó ń lé ẹyẹ kúrò ní àgbàlá ní ìgbèríko Àbújá

Ẹni tó kọ́lé sí etí igbó ní Kuje, Kwali tàbí Gwagwalada kò nílò ìrìn àjò kó tó rí ẹyẹ. Ìkánjú ló ń ba nǹkan jẹ́: a fẹ́ kí ẹyẹ wá bá wa nítòsí, bẹ́ẹ̀ ìjókòó jẹ́ẹ́ láàárín aago 6 sí 9 àárọ̀ ló ń jẹ́ ká rí i.

Àṣìṣe tó léwu jù ni fífọ́n ọkà sílẹ̀. Ọkà bàbà tàbí jéró tó bá sun ilẹ̀, eku ló máa jẹ ẹ́. Eku ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno; ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló fi ń ran ènìyàn. Níbi tí eku bá sì pọ̀ sí, paramọ́lẹ̀ àti ṣèbé kò ní pẹ́ débẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹ fún ẹyẹ lóúnjẹ, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó, lórí pẹpẹ tó ga tó mítà kan ààbọ̀, tí òpó rẹ̀ jẹ́ irin tó ń yọ̀. Ẹ gbá èyí tó bá ṣẹ́kù kílẹ̀ tó ṣú.

Omi dára ju ọkà lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí odò kéékèèké bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé bàsíà jíjìn síta, ẹyẹ kékeré á kú sínú rẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, kí omi inú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, kí ẹ sì gbé òkúta kan sí i láàárín. Ẹ jẹ́ kó fi bíi mítà mẹ́ta jìnnà sí igi kúkúrú: ẹyẹ á rí ibi sá sí, ológbò kò sì ní rí ibi lúgọ sí. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà nítorí ẹ̀fọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ òwìwí lókò nítorí pé wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Eku gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Májèlé eku náà burú bákan náà: eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kiri títí òwìwí tàbí àwòdì á fi gbé e, òun náà á sì kú. Igún ti wà lára àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó parun láti 2015, májèlé sì wà lára ohun tó fà á.

Lásìkò òjò, ẹ wo akọ ẹ̀gà dáadáa. Tó bá fi koríko tútù hun ilé tán, á fi ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orí nísàlẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo bá kọ̀ ọ́, tí koríko sì gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, tí yóò hun òmíràn. Nítorí náà, ilé ẹ̀gà tó já sílẹ̀ kì í ṣe àmì pé nǹkan ń pa wọ́n. Ẹ má gbé àkàsọ̀ lọ wo ẹyin inú àwọn tó kù: ìyá á sá, kannakánná tó ń ṣọ́ á sì rí ààyè. Ẹ má sì máa fi fóònù lu ohùn ẹyẹ fún ẹyẹ. Akọ á rò pé akọ mìíràn ti wọ ìpínlẹ̀ rẹ̀, á pa oúnjẹ àti ilé tì, á máa wá ìjà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra awò tí a fi ń wo òkèèrè, 8×42 ti tó: ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 8, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 42. Èyí tó bá ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 12 á máa gbọ̀n lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ tún máa ń fi àwọ̀ nìkan dá ẹyẹ mọ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà nínú koríko gíga tó ń pọ́n fòò, tí iwájú orí àti ikùn rẹ̀ dúdú, nígbà òjò. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, akọ yẹn kan náà á di aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ológoṣẹ́, àwọn èèyàn á ní ó ti ṣí lọ. Ẹ kọ oṣù sílẹ̀, ẹ kọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe gùn tó, ibi tó ti ń jẹun àti bó ṣe ń fò, kí ẹ tó kọ àwọ̀.