Bí A Ṣe Ń Fi Máṣíìnì Kékeré Rin Títì Márosẹ̀ Láti Àkúrẹ́ Sí Oǹdó

Máṣíìnì 100cc, irú Bajaj Boxer tó kún ìgboro Àkúrẹ́, kì í ní agbára kankan nípamọ́. Nígboro, ẹ ò ní tètè mọ̀. Ẹ gbé èrò kan àti ẹrù kan sẹ́yìn, kí ẹ pàdé òkè kan lọ́nà Oǹdó, ẹ ó rí i bí eré ṣe ń já lójijì. Torí náà, kí ẹ tó gbéra ni ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Nílé. Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nígbà tó ṣì tutù. Bí ẹ bá gùn ún lọ bá fọ̀kànáísà tó jìnnà, ooru á ti gbé afẹ́fẹ́ sókè, òǹkà tí ẹ ó rí kò sì ní jẹ́ òótọ́. Iwájú gba nǹkan bíi 25 psi, ìyẹn òǹkà tí géèjì fọ̀kànáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ̀yìn gba 28 bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, 32 bí èrò bá wà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á máa tẹ̀, á máa gbóná, ibẹ̀ ni tíúbù ti ń bẹ́.

Ó tún kan séènì. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ìka gbé séènì sókè-sódò níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n: kó máa mì tó mílímítà 25 sí 30. Bó bá le jù, èrò á jókòó, á tún le sí i, á sì ba bẹ́árìn jẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, ó lè fò kúrò lórí eyín rẹ̀ kó sì dá táyà ẹ̀yìn dúró lójijì.

Ọ́ìlì 20W-50 ni, kó wà láàárín àmì méjèèjì nígbà tí máṣíìnì dúró ṣánṣán. Ẹ dá ìyípo epo padà kúrò lórí ìpamọ́ (reserve), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí epo bá tán, ó tán pátápátá nìyẹn. Akoto fún ẹ̀yin àti èrò, kí okùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ àgbọ̀n.

Lójú ọ̀nà. Òfin ìrìnnà ní kí alùpùpù má kọjá kílómítà 50 ní wákàtí. Eré yẹn gan-an ló rọ ẹńjíìnì kékeré lọ́rùn. Bí ẹ bá ń yí ọwọ́ dé òpin títí dé Ọ̀wẹnà, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú ẹńjíìnì yẹn tutù, ọ́ìlì inú rẹ̀ ò ju bíi lítà kan lọ, á sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

Tí òkè bá ń bọ̀, ẹ já a sí gíà kẹta kí ohùn ẹńjíìnì tó yí padà. Bó bá ti ń kù gbù-gbù ní gíà kẹrin, ẹ ti pẹ́. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ẹ má fi sí fírì nítorí owó epo. Bíréèkì tó dá nìkan ń ṣiṣẹ́ á gbóná, á sì kọ̀ láti mú. Ẹ jẹ́ kó wà ní gíà kẹta kí ẹńjíìnì máa fà yín sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àtikọjá ọkọ̀ ni ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ká ní agbégilódò ń sá kílómítà 40 ní wákàtí, ẹ̀yin ń sá 50. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé iwájú rẹ̀ láìfara kan án, ẹ óò rin mítà 45 jù ú lọ. Ìyàtọ̀ eré yín ò ju bíi mítà 2.8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn á gba ìṣẹ́jú àáyá 16. Ẹ ó ti rin mítà 220, mọ́tò tó ń sá 100 bọ̀ níwájú á sì ti rin mítà 440. Bí ẹ ò bá rí nǹkan bíi mítà 700 kedere níwájú, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀, torí èèpo igi máa ń já bọ́.

Bí tírélà bá fẹ́ kọjá yín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín síta, lẹ́yìn náà á fà yín mọ́ra. Ẹ tẹ̀ba díẹ̀, kí ẹ dẹ igbọ́nwọ́, ẹ má dì í pinpin. Ẹ jìnnà sétí títì tó mítà kan. Láti Bọ́lọ́rundúró lọ, àwọn èèyàn tún lè sá kòkó síbẹ̀. Bí táyà bá já bọ́ kúrò lórí ọ̀dà, ẹ má yí i padà díẹ̀díẹ̀, etí ọ̀dà á fà á ṣubú. Ẹ dín eré kù lórí ilẹ̀ náà, kí ẹ wá gun ọ̀dà padà lọ́nà tó dojú kọ etí rẹ̀.

Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló yọ̀ jù, torí ó ń pò mọ́ epo tó wà nílẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ kó fọ ọ̀nà.

Bí táyà bá jò. Ẹ yí ọwọ́ padà, ẹ di ọwọ́ máṣíìnì mú ṣánṣán, kí eré já fúnra rẹ̀. Bíréèkì táyà tó ní afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lò, jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá sì dúró tí ẹńjíìnì ń hó, ẹ má da omi sí i. Irin gbígbóná tó pàdé omi tútù lè là. Ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ igi tó.