Ẹ̀rọ Ìfúnrúgbìn: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́kọ́ Ṣe É, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Tiyín Wò Kí Òjò Tó Dé

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro la ó kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbin àgbàdo sí ékà kan, tí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà, tí ihò kan sí èkejì sì jẹ́ 50, ihò tí ẹ máa gbẹ́ lé ní 10,000. Ẹ ó fi ẹnu àdá la ilẹ̀, ẹ ó ju hóró méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ ó fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ ó nàró, ẹ ó tún tẹ̀ba. Bí ẹ bá to gbogbo ìlà náà pọ̀, ó lé ní kìlómítà márùn-ún. Ní ilé púpọ̀, ìyá àti ọmọ ló ń gbé igbá irúgbìn tẹ̀lé ẹni tó ń gbẹ́hò, ọmọ tó sì yẹ kó wà níléèwé ni ẹ ó rí tó ń ka hóró mẹ́ta-mẹ́ta sínú ilẹ̀ láti àárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn bí mo bá rí i tí àgbẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pláńtà. Àwọn wẹ́dà wa náà ti ń ṣe é báyìí. Àmọ́ mo ti rí èyí tó ṣiṣẹ́ bí ẹni pé èèyàn ni, mo sì ti rí èyí tí wọ́n gbé jù sẹ́yìn ilé lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò sí lára ọ̀dà tí wọ́n kùn ún, kò sì sí nínú bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó. Inú àpótí ló wà, níbi tí hóró ti ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí jà fún ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n rí sì wúlò fún wa títí di òní.

Iṣẹ́ mẹ́rin tí ọwọ́ ń ṣe

Ẹ wo ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń gbin nǹkan. Ó ń la ilẹ̀, ó ń ka hóró, ó ń mú hóró dé ìsàlẹ̀ ihò, ó sì ń bò ó. Ẹ̀rọ tí kò bá lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn. Irin kékeré tó mú lẹ́nu lè la ilẹ̀. Ọ̀pá oníhò lè mú hóró dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó ń wọ́ nílẹ̀ lè wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kíka hóró nìkan ló le, nítorí hóró kì í dọ́gba, ẹ̀rọ kò sì ní ìka tó máa fi mọ̀ pé méjì ló mú dípò ọ̀kan.

Àwọn ará Mesopotámíà, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí, kọ́kọ́ yẹ ìṣòro yìí sílẹ̀. Wọ́n so àrọ kan mọ́ ẹ̀yìn ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà, wọ́n fi ọ̀pá oníhò sí ìdí àrọ náà, èèyàn kan sì ń bá a rìn, ó ń fi ọwọ́ ju ọkà báálì sínú àrọ. Ẹ̀rọ la ilẹ̀, ẹ̀rọ mú hóró dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń kà. Nínú ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ sára wàláà amọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 3,700 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ní kí àgbẹ̀ tẹjú mọ́ ẹni tó ń ju irúgbìn, kí hóró sì wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì. Ìka méjì yẹn náà ni mo ṣì ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ àgbàdo lónìí.

Ní Ṣáínà, ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà ìjọba Han, wọ́n ti ní èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò nínú, irin sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń la ilẹ̀. Àpótí ọkà wà lókè, màlúù ń fà á, ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú sì ń mì ín sọ́tùn-ún sósì kí hóró lè máa sọ̀ kalẹ̀. Ìlà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá rẹ ẹni tó ń mì ín, irúgbìn á dínkù nílẹ̀.

Amòfin tó rántí dùùrù

Jethro Tull kò kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé òfin ló kà ní London, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó lọ dúró sí oko ní Crowmarsh, ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń gbin ewéko kan tó ń jẹ́ sainfoin fún oúnjẹ ẹran. Irúgbìn rẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ́n ọn ká bí ẹni ń fọ́n yangan fún adìẹ. Ó ní kí wọ́n máa gbìn ín ní ìlà, kí wọ́n sì dín in kù. Wọ́n kọ̀. Ó wá pinnu pé bí òun ò bá ní pa oko tì, òun máa ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbìn ín bí òun ṣe fẹ́. Ọdún 1701 nìyẹn.

Níbi tí ọgbọ́n náà ti wá ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí Tull wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti yẹ inú dùùrù, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wò fínnífínní rí. Nínú dùùrù, sípíríǹgì kan wà tó ń ti ahọ́n kékeré pa mọ́ ojú ihò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣí, bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà. Tull mú ọgbọ́n yìí wá sínú àpótí irúgbìn. Ó gbẹ́ ojú kéékèèké sára igi rìbìtì kan tí àgbá kẹ̀kẹ́ ń yí. Ojú kọ̀ọ̀kan ń gba ìwọ̀nba hóró. Ahọ́n idẹ tó ní sípíríǹgì ló ń gbá èyí tó bá pọ̀ jù padà sínú àpótí kí ojú náà tó dé ìsàlẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí, igi á yí. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, irúgbìn á dúró. Ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ̀rọ náà rìn ló ń pinnu iye irúgbìn tó máa bọ́, kì í ṣe bí ó ṣe wu ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹṣin kan ló ń fà á, ìlà mẹ́ta ló sì ń gbìn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi ọkàn sí sípíríǹgì yẹn. Ká ní irin tó dúró gbagidi ló fi síbẹ̀ ni, hóró tó bá tóbi díẹ̀ á há, á sì fọ́. Sípíríǹgì mọ bí a ti í fàyè gba hóró. Ọ̀rọ̀ yìí máa padà wá níwájú.

Tull tún ṣe ọkọ́ tí ẹṣin ń fà láàárín ìlà láti ro koríko, ìwé tó sì kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1731. Níbì kan, ó ṣìnà o. Ó gbà pé bí a bá sáà ti tú ilẹ̀ dáadáa, a ò nílò ajílẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé e débẹ̀. Ilẹ̀ tí àgbàdo ń jẹ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ rí ajílẹ̀ gbà padà.

Ẹ̀rọ náà kò tètè tàn ká. Igi àti idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó tètè ń bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Lẹ́yìn tí Tull ti kú ní 1741, James Cooke, tó jẹ́ àlùfáà, gbé èyí tó rọrùn jáde ní àwọn ọdún 1780: ife kéékèèké tó ń yí nínú àpótí ló ń bu hóró, tó sì ń dà á sínú àrọ. Láti ọdún 1800, James Smyth ń ṣe tirẹ̀ ní Peasenhall, ní Suffolk, ó sì ṣe é tí wọ́n fi lè fẹ ìlà tàbí kí wọ́n fún un pọ̀. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló ra tirẹ̀. Àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ káàkiri oko olóko, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ lórí ékà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ń rò ó bóyá kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀ lè kọ́ nǹkan lára wọn.

Ní Amẹ́ríkà, Henry Blair, ọkùnrin adúláwọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Maryland, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tó fi ń gbin àgbàdo ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1834, ó sì gba ti òwú ní 1836. Kò mọ̀wé kọ. Àmì X ló fi tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀rọ àgbàdo rẹ̀ jọ bárò, àyè irúgbìn wà nínú rẹ̀, àwọn eyín tó ń wọ́ lẹ́yìn sì ń wa iyẹ̀pẹ̀ bo hóró. Àgbẹ̀ ni. Ó mọ ohun tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà bá òun ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ṣe ọ̀kan ní àwọn ọdún 1970 fún ilẹ̀ tí a kò tú. Kò la poro. Ẹnu rẹ̀ dà bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ yí táyà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gún ilẹ̀ gba àárín pàǹtí kọjá, ó ń ya ẹnu sínú ilẹ̀, ó sì ń fi hóró sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ra pláńtà alátì kan. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kẹjọ, a padà sóko. Àgbàdo hù níhìn-ín, àlàfo ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún. A kọ́kọ́ ní àparò ni. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, tó fi ìka tú ilẹ̀, tó sì kó hóró mẹ́rin jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mẹ́ta ti là sí méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, àparò kì í fi ọ̀bẹ jẹun."

A tú àpótí. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n jó mọ́ òkè róólà, ìyẹn ohun rìbìtì olójú tó ń ka hóró, irin náà kò ṣe é tì, etí rẹ̀ sì mú. Hóró tó bá yọrí díẹ̀ lójú róólà, irin á gé e. Ibi tí Tull fi sípíríǹgì sí ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn gan-an ni. A gé irin náà kúrò, a gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, a fi bóòtù méjì dè é síbẹ̀. Owó tí a ná kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Irúgbìn kò là mọ́.

Ìdánwò àgbàlá

Ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ sóko kí ẹ tó dán an wò nílé. Ẹ kọ́kọ́ dán irúgbìn fúnra rẹ̀ wò: ẹ ka 100 hóró sínú aṣọ tútù, ẹ ká a, ẹ máa wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ ka èyí tó hù. Tí kò bá tó 85, ẹ wá irúgbìn mìíràn. Àwọn tó ń fọwọ́ gbìn ń ju mẹ́ta sínú ihò nítorí pé òkú lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ju ẹyọ kan kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìdí táyà yíká pẹ̀lú okùn. Ká ní 150 sẹ̀ǹtímítà ni. Tí róólà bá ní ojú mẹ́fà, tí òun àti táyà sì jọ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, hóró kan á máa bọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra wọn. Èyí dára fún àgbàdo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà onísẹ̀ǹtímítà 75. Tí ẹ bá fẹ́ 50, ojú mẹ́ta ni ẹ nílò, kí ojú kọ̀ọ̀kan sì gba hóró méjì.

Ẹ gbé ẹ̀rọ lé bíríkì kí táyà má kan ilẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà, ẹ gbé abọ́ sí ìdí ọ̀pá irúgbìn, ẹ yí i ní ogún ìgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìrìn yín lóko. Ojú mẹ́fà lọ́nà ogún, 120 hóró ló yẹ kó wà nínú abọ́. Tí ó bá dín sí 110, ojú róólà kéré tàbí hóró há síbì kan. Tí ó bá ju 130 lọ, ojú ti tóbi jù, méjì ń wọ ibi tó yẹ kí ọ̀kan wọ̀. Ẹ wá ṣa èyí tó là sọ́tọ̀. Bí ó bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ dá ẹ̀rọ padà fún wẹ́dà kí ó fi rọ́bà tàbí búrọ́ọ̀ṣì rọ́pò irin. Róólà àgbàdo kọ́ ni ti ẹ̀wà. Ẹ gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Bí ẹ bá máa po oògùn kòkòrò mọ́ irúgbìn kí ẹ tó gbìn ín, irúgbìn olóògùn ni kí ẹ fi dán an wò. Lẹ́búlẹ́bú oògùn máa ń jẹ́ kí hóró lẹ̀ mọ́ra, iye tó ń bọ́ á sì yàtọ̀.

Ní oko

Ẹ ti ẹ̀rọ náà fún mítà mẹ́wàá láìbo ilẹ̀, ẹ ka hóró. Ogójì ló yẹ kí ẹ rí tí ó bá jẹ́ 25 ni ẹ fẹ́. Bí ó bá kéré sí ogójì, bẹ́ẹ̀ iye ti àgbàlá pé, táyà ń yọ̀ ni: ẹ jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára bí eyín. Ẹ tú ilẹ̀ wò ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, kí hóró wà ní ìka méjì. Tí amọ̀ bá tutù jù, á dí ẹnu ọ̀pá láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ ó sì máa rìn lásán títí dé òpin ìlà. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá fà díẹ̀. Ẹ má ti ẹ̀rọ sẹ́yìn nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń wọ inú ọ̀pá nìyẹn. Ebè kò gba èyí tó ní táyà. Èyí tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ló yẹ ibẹ̀.

Nílé

Irúgbìn olóògùn kì í ṣe oúnjẹ, ẹ ò lè fọ̀ ọ́ kí ẹ sè é, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dà á fún adìẹ. Abọ́ tí ẹ fi wọ̀n ọ́n kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè bu gààrí sí i. Kí ọmọdé má fi ọwọ́ kó o, kí àgbà tó bá kó o fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Bí ìgbìn bá parí, ẹ da gbogbo hóró kúrò nínú àpótí. Eku á wá a kàn, rọ́bà yín ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Ẹ nu irin, ẹ fi epo tó ti lò tán nínú ẹ́ńjìnnì pa á, ẹ yọ róólà méjèèjì, kí ẹ so wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ "àgbàdo" sára ọ̀kan, "ẹ̀wà" sára èkejì, kí ẹ fi wọ́n kọ́ òkè àjà.