Ẹ má tíì ra rack: àṣìṣe ìdí sítíárìn tó ń jẹ owó yín

Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù lójoojúmọ́, ìdí sítíárìn rẹ̀ á dún ṣáá. Kòtò ni, omi ni, iyanrìn ni. Èyí tó ń bíni nínú ni pé bó bá ti dún “kọ̀, kọ̀” báyìí, ọjà Ládípọ̀ lẹ máa forí lé, ẹ ó sì ru odidi rack tọ̀kúnbọ̀ (irin gbọọrọ tó ń yí táyà bí ẹ bá yí sítíárìn) wálé.

1. Ríra rack láìtíì mọ ohun tó ń dún. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ mì í. Bó bá ń yẹ̀, tie rod end (oríkèé lẹ́bàá táyà) tàbí rack end (oríkèé lẹ́bàá rack) ni. Ẹ dì í mú lókè nísàlẹ̀: bó bá yẹ̀, ball joint (oríkèé tó gbé ẹsẹ̀ táyà dúró) tàbí bearing (ohun tí táyà fi ń yí) ni. Ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn na ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ táyà. Èyí tó ti gbó á máa ta mọ́ ọwọ́. Ẹ má fo oríkèé ọ̀pá sítíárìn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ariwo tirẹ̀ jọ ti rack gan-an. Bí rack fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ tú clip rọ́bà tó bò ó: bí ọ́ìlì bá dà jáde, séèlì (rọ́bà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ti lọ nìyẹn. Tọ̀kúnbọ̀ tí ẹ sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́, ta ló mọ bí séèlì tirẹ̀ ti gbó tó? Rọ́bà tó ya náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ rack end, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyanrìn á tún wọlé.

2. Dída ọ́ìlì bíréèkì sí sítíárìn. Ó ń ba séèlì jẹ́! Ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ọ́ìlì sítíárìn ni kí ẹ dà. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń lo ATF (ọ́ìlì gíà ọ̀tọmátíìkì) Dexron II tàbí III. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

3. Sítíárìn tó le: ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà, ẹ wo béélítì tó ń yí pump sítíárìn (ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì rẹ̀).

Pípààrọ̀ tie rod end ńkọ́? Ẹ sàmì síbi tí lock nut (nọ́ọ̀tì tó dì í mú) dúró, ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó bọ́, kí ẹ dá tuntun padà sí iye kan náà. Ẹ má fi òòlù lu orí bóòtì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irin tó wọ̀ sí ni ẹ ó lù. Bí ihò split pin (pínnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) kò bá ṣe déédéé, ẹ fún nọ́ọ̀tì sí i, ẹ má dẹ̀ ẹ́. Wáyà kì í ṣe split pin o.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì tàbí búlọ́ọ̀kù.

Bí ọkọ̀ bá ní airbag, tí ẹ sì fẹ́ tú ọ̀pá sítíárìn, ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, kí táyà dojú kọ iwájú, ẹ fi bẹ́líìtì ìjókòó di sítíárìn kó má yí. Bó bá yí lófìfo, clock spring (wáyà tó ká sábẹ́ sítíárìn) á já, họ́ọ̀nù á kú, iná airbag á sì tàn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ họ́ọ̀sì ọ́ìlì sítíárìn, ẹ má kánjú tan ẹ́ńjìnnì. Pẹ̀lú táyà iwájú lókè, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì jẹ́jẹ́, ẹ máa fi ọ́ìlì kún un títí tí kò fi ní hó bí ọṣẹ mọ́. Tí ẹ bá tàn án, ẹ má di sítíárìn mú ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, torí pump.

Alignment (títọ́ táyà) ló kù. Bí sítíárìn bá wọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò lórí ọ̀pá láti tọ́ ọ. Tie rod ọ̀tún àti òsì ni kí ẹni tó ń ṣe alignment fi tọ́ ọ.