Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nínú Kíkọ Ìtàn Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹlẹ́ṣin Ogun Ìlọrin

“Ìlọrin kò léegún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ilé wọn.” Oríkì yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn tàbí eré orí ìtàgé nípa àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún a máa rò pé òun ti mọ ẹlẹ́ṣin tán. Yóò gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ẹṣin ní ojú ewé kìíní, ọmọ náà kò sì ní sọ̀ mọ́ títí ìtàn yóò fi parí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin wà: koríko ni kí ó pa, omi ni kí ó pọn, ọkà bàbà ni kí ó wá, kí ó sì máa yẹ ẹ̀yìn ẹṣin wò, nítorí pé bí gàárì bá fi lè dá egbò sí i lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni jagunjagun yóò fi rin ìyókù ọ̀nà.

Ẹ má sì fún un ní ẹṣin bí ẹni ń fún ọmọ láṣọ ọdún. Ìhà àríwá ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹṣin wá, owó ńlá sì ni a fi ń rà wọ́n. Àwọn olóyè ogun ni wọ́n sábà máa ń ní wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn yín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹnìkan, ìbáà ṣe Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Alánamú tàbí Balógun Ajíkòbí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì fẹsẹ̀ rìn.

Àṣìṣe tí ó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tí ń kọ ọ́ pé àwọn Fúlàní ni wọ́n kọ́kọ́ mú ẹṣin ogun wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ Ilé ti fi ẹlẹ́ṣin ja Dàhòmì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí Ìlọrin tó di ìlú ńlá. Àwọn ẹrú Haúsá wà lára àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn ará Ọ̀yọ́, nígbà tí Àfọ̀njá, olórí ogun Ìlọrin tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, sì ké sí wọn ní nǹkan bí ọdún 1817, ọ̀pọ̀ wọn sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, wọ́n di ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tí ó ń pa koríko lánàá di ẹni tí ń gbé ọ̀kọ̀ lónìí. Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ ọba ni àwọn òǹkọ̀wé ṣì ń wá kiri.

Ẹ má ṣe gbàgbé ilẹ̀ tí ẹṣin ń tẹ̀. Ọ̀dàn ni agbára rẹ̀ wà. Bí a bá ti ń sún mọ́ igbó, igi kì í jẹ́ kí ó sáré, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń kó àìsàn ràn án. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, òru ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí Balógun Odérìnlọ́ kó lẹ́yìn ya wọ ibùdó Ìlọrin. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ tí ariwo jí lójú oorun: ẹṣin ń bẹ ní èèkàn, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gàárì wà nílẹ̀, ìjánu ń bẹ níbì kan tí ọwọ́ kò tíì tó nínú òkùnkùn, ẹṣin fúnra rẹ̀ sì ti ta kìjí. Kí ó tó tú okùn, kí ó tó di gàárì, ọ̀tá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú Balógun Ajíkòbí pàápàá lẹ́rú níbẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá mú kí akọni rẹ̀ fò gun ẹṣin lóru ọjọ́ náà, tí ó sì bẹ́ sí eré, kò ro ti okùn ẹsẹ̀ ẹṣin rárá.

Omi náà ń bẹ. Ní ogun Jálumi, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, lẹ́bàá Ìkìrun, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ lọ nínú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tí ń sá fún Ìbàdàn.

Ní ti aṣọ, ẹwù aláràbarà tí a ń rí lára ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ ọdún, aṣọ ayẹyẹ ni. Ẹ má gbé e lọ sójú ogun.

Èyí tí ó kù ni pé kí ẹ má ṣe pe ẹlẹ́ṣin ní ojo nítorí pé ó pàdánù. Nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dé ní oṣù kejì ọdún 1897, ojúkojú ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin rọ́ lu wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tò ní igun mẹ́rin, tí wọ́n sì gbé ìbọn Maxim àti àgbá dání. Ìbọn ni ó dá wọn padà, kì í ṣe ẹ̀rù.