Bí ẹsẹ̀ ṣe lè yá nínú badminton

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbá badminton l'Óṣogbo, ẹ kú ìmúra. Eré sísá nìkan kò lè mú ẹsẹ̀ yá. Bí alátakò bá ti fẹ́ gbá shuttle, ìyẹn bọ́ọ̀lù kékeré oníyẹ̀ẹ́ tí a ń gbá, ẹ fò díẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ bó ṣe ń gbá a. Ẹni tí kò bá fò yóò pẹ́ kó tó gbéra.

Ẹ kọ́ ọ láìlo shuttle: ẹnìkan á máa nawọ́ sí ibi mẹ́fà, méjì níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn, ẹ sáré débẹ̀, ẹ padà sáàárín. Ìṣẹ́jú àáyá 20, ìsinmi 40, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wọ́, ẹ dúró, torí ara á fi ìlọ́ra kọ́ra.

Bí ẹ bá na ẹsẹ̀ síwájú láti gbá a, gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí orúnkún má yẹ̀ sínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà onísàlẹ̀ gíga lórí sìmẹ́ńtì. Ó máa ń yí ọrùn ẹsẹ̀.